Pósítà Òkú fún Ẹni Tó Wà Láàyè

Bí ọmọbìnrin bá ń wá ọkọ, ṣọ́ọ̀ṣì wà, ọjà wà, ilé ìnáwó sì wà lọ́tùn-ún lósì. Rónkẹ́ Ìbíkúnlé kò wá ọkọ lọ sí ọ̀kankan nínú wọn. Ilé ìtẹ̀wé bàbá rẹ̀ ní Sabon Gari, ìlú Kano, níbi tó ti ń ṣe pósítà òkú, ni ọkọ ti wá bá a.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn láti ìgbà tó ti jáde ilé ẹ̀kọ́. Bí ẹnì kan bá kú, àwọn ẹbí á kó fọ́tò wá, Rónkẹ́ á tún ojú fọ́tò náà ṣe lórí kọ̀ǹpútà, á kọ orúkọ, ọjọ́ orí àti ọjọ́ ìsìnkú sí i, á sì tẹ̀ ẹ́. Ó mọ bí a ti ń kí ọlọ́fọ̀ ju bí a ti ń kí ìyá ọmọ tuntun lọ.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan nínú oṣù Ọkitóbà, ọ̀dọ́kùnrin gíga kan wọlé, ó da fọ́tò ogójì sórí tábìlì rẹ̀. Ogójì! Rónkẹ́ mú ọ̀kan, ó dìde dúró.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ṣé mọ́tò ni?"

"Rárá o. Bọ́ǹbù ni."

Rónkẹ́ gbé ọwọ́ lé àyà. "Níbo? Lónìí yìí?"

Ọ̀dọ́kùnrin náà wo ojú rẹ̀, àánú ṣe é, ẹ̀rín sì tún fẹ́ pa á. "Sister, ẹ má bínú. Kò sẹ́ni tó kú. Wallahi, ẹni tó wà nínú fọ́tò ọwọ́ yín yìí ń jẹ súyà níta báyìí. Eré tẹlifíṣàn ni."

Ó jókòó, ó ṣàlàyé. Àǹtí Mùjídátù kan ló ń darí eré náà, orúkọ rẹ̀ sì ni Kí Eruku Tó Dé. Nínú eré ọ̀hún, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ti ju bọ́ǹbù átọ́míìkì lura, afẹ́fẹ́ sì ń gbé eruku olóró bọ̀ wá sí Kano. Ènìyàn méjìlá sá pamọ́ sínú sítọ̀ ẹ̀pà àtijọ́ kan, wọ́n ń dúró de eruku náà. Níta sítọ̀, ògiri kan wà tí àwọn ará ìlú ń lẹ pósítà àwọn ènìyàn wọn tí ogun ti gbé lọ mọ́.

"Kí wá ni kí n kọ sí i?" Rónkẹ́ bi í.

"Ohun tí ẹ ń kọ fún òkú gidi. Àǹtí Mùjídátù ní òun ò fẹ́ irọ́ níbẹ̀."

"Ṣé kì í ṣe irọ́ ni gbogbo ẹ̀ ni?"

"Irọ́ ni, àmọ́ kò gbọdọ̀ jọ irọ́."

Rónkẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀dọ́kùnrin náà sì gbàgbé láti dìde. Caleb Ṣótúndé ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì Airport Road, òun ló ń bọ́ ọ. Eré ṣíṣe ló fẹ́ràn.

Ẹ ò rí i bí Caleb ṣe ń wá sí ilé ìtẹ̀wé lẹ́yìn ìyẹn! Lónìí, wọ́n ní kí lẹ́tà tóbi. Lọ́la, wọ́n ní kí lẹ́tà kéré. Bàbá Rónkẹ́ wò títí, ó ní, "Ṣé bí wọ́n ṣe ń tún pósítà kan ṣoṣo ṣe nígbà mẹ́sàn-án nìyí?" Rónkẹ́ tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ẹni tí kò gbọ́.

Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí sítọ̀ ẹ̀pà náà lọ́sàn-án láti wò wọ́n. Ó rí apá ibi tí àwọn méjìlá náà gbà pé ikú ti dé. Olúkúlùkù ń tú ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde. Ọkùnrin kan sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ kẹrin nínú eré náà, afẹ́fẹ́ yí padà, eruku kò dé mọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n ń retí rẹ̀, wọ́n sì ní láti máa wo ojú ara wọn.

"Àǹtí Mùjídátù ní eruku kọ́ ló máa pa wọ́n," Caleb sọ fún un nígbà tí wọ́n jókòó sórí àpò, tí wọ́n ń mu kunu. "Ó ní ohun tí wọ́n sọ síra wọn nígbà tí wọ́n ń dúró dè é ni."

"Ọ̀rọ̀ burúkú mà le o."

"Rónkẹ́, bí eruku yẹn bá ń bọ̀ lóòótọ́, ta lo máa fẹ́ kẹ́ ẹ jọ wà nínú sítọ̀?"

"Ẹni tó bá ní omi."

"Mo ní jálá méjì."

Rónkẹ́ wò ó. Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí omi.

"Ó tó wa," ló wí. Bó ṣe gbà láti fẹ́ ẹ nìyẹn, ayọ̀ sì kún ọkàn rẹ̀ débi pé ó gbàgbé ife kunu rẹ̀ sórí àpò.

Ó wá ku kí Caleb mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyábọ̀dé ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Màmá Caleb ni gbogbo Sabon Gari ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Mọ́ínmọ́ín ló fi tọ́ ọmọ méjì tó bí, Caleb àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Tiwa. Nígbà tí Caleb sọ fún un, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Mú un wá lọ́jọ́ Àìkú, kí n rí ọmọ tó ń jẹ́ kí o máa rẹ́rìn-ín lójú oorun."

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ Àìkú náà ni wàhálà wọlé. Àǹtí Mùjídátù ránṣẹ́ pé òun fẹ́ pósítà ẹni tí Caleb ń ṣe nínú eré, torí pé àwọn ẹbí ẹni náà níta ti gbà pé ó ti kú. Adéfẹ́mi ló ń jẹ́ nínú eré. Caleb fi fọ́tò ránṣẹ́, orúkọ tirẹ̀ gan-an wà lábẹ́ fọ́tò náà lódindi. Rónkẹ́ ń kọrin lábẹ́ ẹnu bó ti ń ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ ti wà lọ́dọ̀ ìyá ọkọ, aṣọ tó máa wọ̀ ló ń rò. Orúkọ tó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀ tọ̀sán-tòru ni ọwọ́ rẹ̀ kọ: CALEB ADÉMÚYÌWÁ ṢÓTÚNDÉ, ẸNI ỌGBỌ̀N ỌDÚN. Ó tẹ mẹ́wàá, ó kó wọn sórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, ó lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì fún yín. Òun ló ń lẹ pósítà fún wọn. Ó ti ń ṣe é fún ọdún méjìdínlógún, kò sẹ́ni tó ń sọ fún un mọ́ ibi tó yẹ kó lẹ̀ ẹ́ sí. Bó bá ti ka orúkọ, ó ti mọ ilé. Géètì ilé olóògbé, ẹnu ṣọ́ọ̀bù, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́ṣáláṣí, oríta tó sún mọ́ ibẹ̀: bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. Pósítà ti eré, Caleb fúnra rẹ̀ ló máa ń wá kó o. Kò kan Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà.

Ní àárọ̀ Sátidé, Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì dé, ó ka orúkọ tó wà lórí tábìlì, ó jókòó, ó sì sunkún, nítorí mọ́ínmọ́ín Màmá Caleb ló fi ń jẹ ẹ̀kọ láràárọ̀. Lẹ́yìn náà, ó po sítáàṣì rẹ̀, ó lọ ṣe ohun ìkẹyìn tó rò pé òun lè ṣe fún ọmọ náà. Ó lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kò lẹ ẹyọ kan ní wíwọ́.

Nígbà tí Rónkẹ́ dé ní aago mẹ́sàn-án, ó bá tábìlì ní òfìfo.

"Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, ẹ káàárọ̀ sà. Pósítà tó wà níbí ńkọ́?"

"Mo ti lẹ̀ ẹ́ tán, ọmọ ọ̀gá. Ọlọ́run á tu ìyá ẹ̀ nínú. Ó mà ṣe o!"

Rónkẹ́ fa fóònù yọ. Ó pe Caleb, fóònù kò lọ, torí wọ́n máa ń gba fóònù lọ́wọ́ àwọn òṣèré lẹ́nu ọ̀nà sítọ̀. Ó bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní adaidaita, ó ń bẹ awakọ̀ náà, "Don Allah, ẹ sáré!" Nígbà tó dé ibẹ̀, kò dúró de olùdarí kankan. Ó wọ àárín eré, ó fa Caleb jáde pẹ̀lú eérú tí wọ́n kùn ún lójú fún iṣẹ́.

Nílé Ṣótúndé, igbe ti gba gbogbo àdúgbò. Màmá Caleb wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sì dì í mú. Nígbà tí Caleb yọ lẹ́nu géètì pẹ̀lú ojú funfun báláú, obìnrin méjì sá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, bàtà ẹnì kan kù sílẹ̀.

"Màmi, èmi ni. N ò kú. Wallahi, n ò kú."

Ìyá náà fi etí ìró rẹ̀ nu eérú kúrò lójú ọmọ rẹ̀ títí ó fi rí àwọ̀ rẹ̀ gidi. Ìgbà náà ló tó gbá a mọ́ra.

Bàbá àgbà kan gbóhùn sókè: "Ẹni tí wọ́n bá pariwo ikú ẹ̀ láìkú, yóò pẹ́ láyé!"

"Àmín!" ni gbogbo wọn wí. Màmá Caleb kò ṣe àmín.

"Ta ló kọ ọ́?" ló bèèrè.

Rónkẹ́ kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀. "Èmi ni, mà. Àṣìṣe ni. Ẹ forí jì mí."

"Ìwọ wo?"

"Rónkẹ́ ni, mà. Èmi ni Caleb ní òun ń mú bọ̀ wá kí yín lọ́la."

Màmá Caleb wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Má wá," ló wí.

Rónkẹ́ àti Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì fi omi gbígbóná rẹ gbogbo pósítà náà, wọ́n fi ọ̀bẹ họ ọ́ kúrò. Bàbá arúgbó náà kò yé wí pé, "Kò sí ibi tí mo lẹ̀ ẹ́ sí tí kì í ṣe ibi tó yẹ." Bàbá Rónkẹ́ lọ bẹ ìyá náà, pásítọ̀ lọ, àwọn àgbà ìjọ lọ. Èsì kan náà ni wọ́n ń gbà bọ̀: ọwọ́ tó kọ ikú ọmọ òun kò ní bu oúnjẹ fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Sùúrù tán lára Caleb.

"Olólùfẹ́ mi, jẹ́ ká lọ sí kọ́ọ̀tù. Tí a bá ti fọwọ́ síwèé, Màmi á gbà tó bá yá."

"Rárá."

"Ṣé o ò fẹ́ mi mọ́ ni?"

"Mo fẹ́ ọ ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìdí nìyẹn tí n ò fi ní gba ojú fèrèsé wọlé ìyá ẹ. Ẹnu ọ̀nà ni n óò gbà. Bó pẹ́, kó pẹ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tún lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́ínmọ́ín Màmá Caleb láti bẹ̀ ẹ́, bó ti ń ṣe láràárọ̀. Màmá Caleb ti jáde. Charity, obìnrin tó ń bá a fọ ewé, ló wà níbẹ̀. Charity wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sister Rónkẹ́, I don tire to dey look you. No be you Mama dey vex for."

"Ta wá ni?"

Charity sọ ọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ pósítà yẹn, Tiwa ló kọ́kọ́ sáré jáde láti gbá ìyá rẹ̀ mú. Ìyá náà tì í dànù, ó ké lójú gbogbo ènìyàn: "Kí ló dé tí kì í ṣe ìwọ ló kú?" Gbogbo wọn gbọ́, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Tiwa kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Hanan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ránṣọ ní Gwagwarwa. Caleb rò pé iṣẹ́ ló gbé e lọ.

Rónkẹ́ rántí ọkùnrin inú sítọ̀ ẹ̀pà àti ìyàwó rẹ̀. Ó wá bọ́ sí ọ̀nà Gwagwarwa.

Tiwa wà nídìí máṣíìnì. Kò gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀.

"Sannu, Tiwa."

"Sannu. If na Mama send you, abeg go back."

"Kò sẹ́ni tó rán mi."

"The poster na mistake. I know. Wetin Mama talk, that one sef na mistake?"

Rónkẹ́ kò fẹ́ purọ́ fún un. "N ò mọ̀. Àmọ́ èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ yẹn jáde lẹ́nu wọn. Tèmi ni mo wá tọrọ àforíjì fún. N ò bá ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ ọ́."

Máṣíìnì dákẹ́. Omi ti dé ojú Tiwa. "Na you be the first person wey tell me sorry. All of them just dey thank God for Caleb."

Rónkẹ́ kò lè sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ fún Màmá Caleb, ó sì mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ó lè jẹ́ ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òun àti Caleb máa parí sí. Ọjọ́ méjì ló fi rò ó. Ní ọjọ́ kẹta, ọyẹ́ tòótọ́ dé. Eruku bo ìlú, àwọn mọ́tò ń tan iná ní ọ̀sán gangan, Àǹtí Mùjídátù sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó kó gbogbo òṣèré jáde láti ya àwòrán eruku olóró rẹ̀. Caleb wà pẹ̀lú wọn. Rónkẹ́ nìkan ló lọ.

"Ìwọ tún ni?" Màmá Caleb wí láìgbójú sókè. Ó ń po ẹ̀wà lílọ̀.

"Èmi ni, mà. Mo ti lọ rí Tiwa."

Ọwọ́ ìyá náà dúró nínú abọ́.

"Màmá, bí mo bá fi Caleb sílẹ̀ lónìí, ṣé Tiwa á padà wálé? Bó bá máa padà, mo fi í sílẹ̀. Ẹ sáà sọ fún mi, n ò ní débí mọ́." Ó sún mọ́ ọn. "Bí kò bá sì ní padà, a jẹ́ pé kì í ṣe torí tèmi lẹ ṣe ń lé mi. Ohun tí ẹ sọ lọ́jọ́ yẹn ni. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbọ́ ọ, mà. Wọn ò kàn lè sọ ọ́ lójú yín ni."

Charity bá ẹ̀yìnkùlé lọ. Rónkẹ́ ń retí ìgbátí. Kò sá.

Màmá Caleb jókòó. Ó ń wo ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Nígbà tí bàbá wọn kú, Caleb ń ṣàìsàn," ló wí. "Ọdún méjì gbáko, ara rẹ̀ ni ojú mi wà. Tiwa kì í yọ mí lẹ́nu. Bó bá ti jẹun, ó ti sùn. Mo ṣe bí ó tó bẹ́ẹ̀ ni." Ó nu ẹ̀wà ọwọ́ rẹ̀. "N ò mọ̀ pé irú ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú mi. Bí mo bá ti rí ọ báyìí, òun ni mo ń gbọ́. Ojú ń tì mí, ọmọ yìí. Ojú ń tì mí gan-an."

"Ẹ jẹ́ ká lọ bá a, mà."

"Ìyá kì í kúnlẹ̀ bẹ ọmọ."

"Ẹ má kúnlẹ̀. Ẹ sáà lọ."

Wọ́n wọ adaidaita kan náà, wọ́n fi gèlè bo imú. Wọ́n dé Gwagwarwa. Hanan rí wọn, ó kí wọn, ó rọra jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù. Màmá Caleb wo ọmọ rẹ̀ láàárín àkísà aṣọ. Orúnkún rẹ̀ méjèèjì sì wá kanlẹ̀, ó kúnlẹ̀ náà.

"Mama, tashi! Ẹ dìde, don Allah!" Tiwa fò síwájú, ó dì í mú lápá.

"Mo sọ ọ́, Tiwa. N ò ní sọ pé n ò sọ ọ́. Dárí jì mí."

Àwọn méjèèjì sunkún. Rónkẹ́ náà sunkún lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Tiwa nu ojú rẹ̀ tán, ó ní, "I don hear, Mama. But I no fit come house now."

"Ìgbà wo?"

"I no know."

Ìyá náà mi orí. "Kò burú. Èmi ni n óò máa wá."

Adaidaita gbé wọn padà kọjá ọ̀nà rélùwéè. Màmá Caleb wá ní, "Sọ fún bàbá rẹ pé à ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ." Rónkẹ́ tún bú sẹ́kún. "Ó tó," ni ìyá náà wí, "eruku á lẹ̀ mọ́ ẹ lójú."

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Gbogbo Ọjọ́rú ló ń gbé mọ́ínmọ́ín lọ sí Gwagwarwa. Lọ́jọ́ mìíràn, òun àti Tiwa á sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n á jẹun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Tiwa kò padà wálé.

Ìdána bọ́ sí Sátidé kan nínú oṣù Fẹ́búárì, ní pálọ̀ bàbá Rónkẹ́. Èrò kò pọ̀. Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì wà níbẹ̀ nínú agbádá tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Tiwa náà wá. Ó jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tètè máa lọ. Caleb ń wo Rónkẹ́ bí ẹni tí kò rí i rí, àwọn àgbà sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Nígbà tí wọ́n gbàdúrà tán, bàbá Rónkẹ́ di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Ẹ̀yin ará Ṣótúndé, ta ni kí n fà á lé lọ́wọ́?"

Àgbàlagbà ẹbí náà ti ń dìde. Màmá Caleb nawọ́ dá a dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ọmọ méjì ni mo bí. Tiwa ni kí ẹ fà á lé lọ́wọ́. Òun ni mo fẹ́ kó gba ìyàwó sílé wa."

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó sí pálọ̀ ló wà nílé Ṣótúndé lọ́jọ́ pósítà. Wọ́n tún ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Rónkẹ́ rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọbìnrin tí òun fi ọdún mẹ́ta jù lọ. "Ọkọ mi," ló pè é, bí ìyàwó ṣe ń pe gbogbo ọmọ ilé ọkọ.

Tiwa kò mira. Ó wo Rónkẹ́. Ó gbójú kúrò lára rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀ tó dúró láàárín pálọ̀ tí kò mọ ohun tó fẹ́ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó pẹ́ kí ó tó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀, kí ó tó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyàwó wa, dìde. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ẹ̀yin méjèèjì?" Màmá Caleb bèèrè. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n má gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Àwa méjèèjì, Màmi."